Asẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀: èwo ló ṣeé yọ, ta ni yóò sì rántí yọ ọ́?

Láti ẹnu àwọn agbẹjọ́rò tó ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa IVC filter, asẹ́ onírin kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn kí ẹ̀jẹ̀ dídì má bàa dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá ní irin náà lára pe àwọn, bóyá owó gbà-máà-bínú wà níbẹ̀ fún un. Ẹnì kan á gbọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé nǹkan kan wà nínú òun tí dókítà sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé nínú gbogbo oríṣi tó wà, èwo ló dára jù?

Ìdáhùn mi kò ní tẹ́ ẹni tó ń wá orúkọ kan ṣoṣo lọ́rùn. Àwọn asẹ́ wọ̀nyí yàtọ̀ síra lóòótọ́, a ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín asẹ́ kan àti èkejì kò tó èyí tó wà láàárín asẹ́ tí ẹnì kan ń ka ọjọ́ rẹ̀ àti èyí tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé.

Kí ni asẹ́ náà ń dínà fún?

Ẹ̀jẹ̀ a máa dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, oore ni ìyẹn. Wàhálà dé nígbà tó bá dì nínú iṣan tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹran ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí, níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Ó máa ń bá ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn àìsàn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí eegun itan rẹ̀ kán, ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ, aboyún àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. DVT ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹsẹ̀ kan lè wú, kó gbóná, kó máa dun ni. Nígbà mìíràn, kò ní sí àmì kankan rárá.

Ẹ̀jẹ̀ dídì tó jókòó sínú ẹsẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn. Èyí tó bá já kúrò níbẹ̀ ni à ń sá fún. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀, ìbàdí àti ikùn bọ̀ ló ń wọ inú iṣan ńlá kan tó gba iwájú eegun ẹ̀yìn gòkè lọ sínú ọkàn. Iṣan yìí ni IVC. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá já yóò bá a gòkè, ọkàn yóò sì tì í sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ọ̀nà ti ń dín kù síwájú sí i. Bí ó bá há síbẹ̀, mímí á di ìṣòro, àyà á máa dun ni. Bí ó bá tóbi, ó lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní PE.

Asẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju irin tín-ín-rín mélòó kan tí wọ́n so pọ̀ lórí lọ. Ẹ wo agbòòrùn tí aṣọ rẹ̀ ti ya dànù, tó ku kìkì egungun: bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á ká a pọ̀ sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gba iṣan ọrùn tàbí iṣan ibi tí itan ti pàdé ikùn tì í wọlé, wọ́n á máa fi X-ray wo ibi tó dé. Nísàlẹ̀ ibi tí iṣan kíndìnrín ti wọ IVC ni wọ́n sábà máa ń tú u sílẹ̀. Yóò ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ògiri iṣan mú, orí rẹ̀ ṣóńṣó á kọjú sí ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá tóbi á há sí i, ara á sì máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Asẹ́ yìí kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì fúnra rẹ̀, kì í sì í ní kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń ṣọ́.

Ta ló nílò rẹ̀ gan-an?

Wọn kò pọ̀ tó bí a ṣe lè rò. Oògùn ni ìtọ́jú DVT àti PE: heparin, warfarin, àti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn bíi rivaroxaban àti apixaban. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà máa pọ̀ sí i, ara á wá ráyè yọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ rẹ̀, ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ abẹ ńlá ń dúró dè, kò lè fẹnu kàn án lásìkò yẹn. Bí DVT tuntun bá wá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, asẹ́ ló kù. Ẹlòmíì tún wà tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dì. Òun náà lè wà lára àwọn tó nílò asẹ́.

Ẹni tó bá lè lo oògùn ńkọ́, ṣé asẹ́ kò ní fi kún ààbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ dókítà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n pín aláìsàn 399 tó ní PE sọ́nà méjì: apá kan gba oògùn àti asẹ́, apá kejì gba oògùn nìkan. Láàárín oṣù mẹ́ta, PE padà bá ènìyàn 6 nínú àwọn tó ní asẹ́, ó bá 3 nínú àwọn tí kò ní. Ìwádìí PREPIC2 nìyẹn, ó jáde ní 2015. Asẹ́ kò fi ohunkóhun kún oògùn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìwádìí tó wá láti Australia ní 2019 tún la ọ̀rọ̀ náà sí i. Ènìyàn 240 tó fara pa gidigidi, tí wọn kò tíì lè fún ní oògùn, ni wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀, fífi asẹ́ sí wọn lára kíákíá kò dín ikú àti PE kù láàárín 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí ọjọ́ méje kọjá tí oògùn kò tíì ṣeé fún wọn. Nínú 46 tó ní asẹ́ lára irú wọn, PE kò bá ẹnì kankan. Nínú 34 tí kò ní, ó bá ènìyàn 5. Iye wọn kéré, n kò sì ní fi gbé òfin kalẹ̀, àmọ́ ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni asẹ́ ti ń ṣiṣẹ́: láàárín ìgbà tí ewu ti dé tí oògùn kò tíì ṣeé lò.

Ṣebí ó ń dáàbò boni, kí ló dé tí a fi ní láti yọ ọ́?

Àwọn asẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣeé yọ. Dókítà Mobin-Uddin ṣe èyí tó dà bí agbòòrùn ní 1967. Ní 1973, dókítà Lazar Greenfield àti Garman Kimmell, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti bá iṣẹ́ epo rọ̀bì lò, gbé asẹ́ onírin ṣóńṣó jáde. Èrò ohun tí wọ́n ń lò láti fa ìdọ̀tí yọ nínú páìpù epo wà nínú rẹ̀. Ó gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí wọ́n bá fi sí lára, títí ayé rẹ̀ ni.

Ìwádìí Faransé mìíràn, PREPIC, tó jáde ní 1998, ló jẹ́ kí a rí ìhà kejì ọ̀rọ̀. Aláìsàn 400 ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 12 àkọ́kọ́, PE bá ìpín 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní asẹ́ àti ìpín 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní. Asẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, DVT ti padà bá ìpín 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní asẹ́, ó sì jẹ́ 11.6 fún àwọn yòókù. Iye àwọn tó kú kò sì yàtọ̀. Irin tó dúró láàárín ẹ̀jẹ̀ ń fa ìdènà, ẹ̀jẹ̀ sì ń dì nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èrè rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ṣe èyí tó ṣeé yọ. Ní 2003 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí yíyọ irú wọn, Recovery ti ilé iṣẹ́ Bard àti Günther Tulip ti ilé iṣẹ́ Cook wà lára àwọn ti àkọ́kọ́. Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. “Ó ṣeé yọ” kò túmọ̀ sí pé wọn yóò yọ ọ́. Àyè wà fún asẹ́ wọ̀nyí láti wà lára títí bí ìdí bá wà, nítorí náà, bí kò bá sí ẹni tó bèèrè, títí náà ni yóò wà.

Báwo ni oríṣi wọn ṣe yàtọ̀ síra?

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrísí wọn. Günther Tulip, Celect, Option, Denali àti ALN ti ilẹ̀ Faransé jọ ara wọn: orí wọn ṣóńṣó, ẹsẹ̀ wọn là sílẹ̀, ìkọ́ tàbí ibi ìdìmú wà lórí. Láti ọrùn ni wọ́n ti ń yọ wọ́n. Àǹfààní wọn ni pé díẹ̀ ni wọ́n fi kan ògiri iṣan, nítorí náà ẹran ara kì í tètè bò wọ́n. Àléébù wọn ni pé wọ́n lè fì. Bí orí bá fì, ìkọ́ á lọ fara ti ògiri iṣan, ẹran á hù bò ó, ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ kò ní rí ibi gbá mú.

OptEase yàtọ̀ pátápátá. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọra, irin gígùn ló so méjèèjì pọ̀, ìkọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, torí náà ìhà itan ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Irin gígùn wọ̀nyẹn ń jẹ́ kó dúró ṣánṣán láìfì. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí ara tètè bò ó: ọ̀nà tó fi kan ògiri iṣan pọ̀, àyè yíyọ rẹ̀ kò sì gùn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kì í ṣe oṣù. Bí ẹni tó fi sí i bá sì gbé e sódì, ìkọ́ á wà lókè, a jẹ́ pé ó ti di ewu. Crux wà láàárín méjèèjì, ó lọ́ bí wáyà, ó ṣeé yọ láti òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrísí ni irin tí wọ́n fi ṣe é. Àdàlù cobalt àti chromium ni ti Tulip àti Celect, irin tí kì í dípẹtà ni ti ALN. OptEase, Option àti Denali jẹ́ nitinol, ìyẹn àdàlù nickel àti titanium tó máa ń rántí ìrísí rẹ̀ bí ooru ara bá ti kàn án. Bí wọ́n ṣe ṣe é náà ṣe pàtàkì: iná lésà ni wọ́n fi gé Denali àti Option látinú ọ̀pá kan ṣoṣo, kò sí ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ mọ́ wáyà.

Ìtàn Bard ló jẹ́ kí a mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Recovery ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, lẹ́yìn rẹ̀ G2, lẹ́yìn náà Eclipse, Meridian, kó tó kan Denali. Ní 2010, ìwádìí kan láti ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà wo aláìsàn 80 tó ní Recovery tàbí G2 lára. Nínú àwọn 28 tó ní Recovery, ẹsẹ̀ asẹ́ ti ṣẹ́ nínú ara ènìyàn 7. Nínú àwọn 52 tó ní G2, ti ènìyàn 6 ti ṣẹ́. Àwọn kan wà tí èyí tó ṣẹ́ náà ti bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn wọn. Ẹ má fi èyí ṣèdájọ́ gbogbo asẹ́, tàbí gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Celect tún gba ọ̀nà mìíràn. Lára Tulip ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n tú àwọn irin kékeré tó so mọ́ ẹsẹ̀ Tulip sílẹ̀ kó lè rọrùn láti yọ bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ó rọrùn láti yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán CT ń fi hàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń lu ògiri IVC jáde bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára. Díẹ̀ ni irin náà ń gún ní ìfun tàbí eegun ẹ̀yìn.

Fífẹ̀ iṣan náà wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ asẹ́ kò ṣeé fi sínú IVC tó bá fẹ̀ ju 28 tàbí 30 milimítà lọ, torí kò ní rí ògiri dì mú.

Èwo wá ni kí a mú? Inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìfiwéra tó wà nílẹ̀ ti jáde, tí wọ́n ń wẹ̀yìn wo àwọn tí wọ́n ti tọ́jú. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè gbé adé lé asẹ́ kan lórí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, èyí tí dókítà mọ̀ ọ́n fi sí tó sì mọ̀ ọ́n yọ ni mo máa gbà, n kò ní bá a jiyàn orúkọ.

Ìgbà wo ló yẹ kó jáde, báwo ni wọ́n sì ṣe ń yọ ọ́?

Ní oṣù kẹjọ 2010, FDA kìlọ̀ fún àwọn dókítà. Láti 2005, ìròyìn 921 ti dé ọ̀dọ̀ wọn nípa asẹ́: 328 jẹ́ ti asẹ́ tó rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, 146 jẹ́ ti irin tó já tó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ, 70 jẹ́ ti IVC tó lu, 56 jẹ́ ti asẹ́ tó ṣẹ́. Nígbà tó di 2014, wọ́n sọ pé ìṣirò fi hàn pé láàárín ọjọ́ 29 sí ọjọ́ 54 lẹ́yìn tí wọ́n fi sí i ni èrè yíyọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewu rẹ̀ lọ, fún ẹni tí ewu PE rẹ̀ ti kọjá. Kì í ṣe òfin. Ẹni tí kò tíì lè lo oògùn lè dúró dè é. Lójoojúmọ́, àmì tí dókítà ń wò ni pé oògùn ti ṣeé lò, ó sì bá a lára mu.

Yíyọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá. Wọ́n á fún ni ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ibẹ̀, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan ọrùn wọlé, wọ́n á fi oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan hàn lábẹ́ X-ray sí i, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá há sínú asẹ́ náà. Bí ó bá há, wọ́n á sún un síwájú, oògùn á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan, wọ́n á ta òjóbó onírin mú ìkọ́, wọ́n á sì ti rọ́bà náà bọ asẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi ká pọ̀ bí agbòòrùn tí a pa dé, wọ́n á fà á jáde. Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kì í jáde?

Ibí ni ọ̀rọ̀ gbé dun mí jù. Ìwádìí kan tó kó ìwádìí 37 jọ ní 2011 rí i pé, ní ìpíndọ́gba, asẹ́ 34 péré ni wọ́n ń yọ nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ṣeé yọ. Ilé ìwòsàn kan ní Boston tẹ ti tirẹ̀ jáde ní 2013: nínú 679 tó ṣeé yọ, 58 ni wọ́n yọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kó jáde. Àwọn kan ti kú láti ọwọ́ àìsàn tó mú wọn dé ibẹ̀, àwọn kan ṣì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà. Dókítà tó tọ́jú ìfarapa ló ní kí wọ́n fi sí i. Dókítà mìíràn, tó ń fi X-ray ṣiṣẹ́, ló fi sí i. Ẹlòmíì ló kọ̀wé pé kí aláìsàn máa lọ sílé. Dókítà tó sì ń rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lè má mọ̀ pé irin wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ọjọ́ yíyọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní asẹ́ sínú ìwé kan, tí ẹnì kan sì ń pè wọ́n lórí fóònù, ń yọ púpọ̀ sí i.

Ẹjọ́ wo ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló pe Bard àti Cook lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ti Bard jọ sí Arizona, ti Cook sí Indiana. Nínú ẹjọ́ Bard àkọ́kọ́ ní 2018, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san owó dọ́là mílíọ̀nù 3.6 fún aláìsàn kan tí G2 ṣẹ́ nínú rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún náà, Bard ló borí. Ìpolówó tí ẹ gbọ́ kò sọ pé asẹ́ tó wà lára yín ti bàjẹ́. Àwòrán ló lè sọ ìyẹn.

Bí ó bá ti pẹ́ níbẹ̀ ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ orúkọ asẹ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Ilé ìwòsàn ní láti ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ìdí tí wọ́n fi fi sí i ṣì wà, àti ẹni tó máa pinnu ọjọ́ yíyọ. Bí ó bá ti lé ní oṣù mélòó kan, dókítà lè kọ́kọ́ ya CT. Bí ẹran bá ti bò ó, òjóbó nìkan lè má tó. Àwọn tó mọṣẹ́ ń lo ẹ̀mú gígùn, àti rọ́bà tó ní iná lésà lẹ́nu tó ń tú irin kúrò lára ẹran. FDA fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan, CavaClear, ní oṣù kejìlá 2021. Wọ́n ti ń yọ èyí tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lè wo àgbàlagbà tí asẹ́ rẹ̀ kò dà á láàmú, kí wọ́n ní kí ó wà níbẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń wú, bí ikùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dun ẹni tó ní asẹ́ láìnídìí, kí ó wá dókítà rẹ̀ rí. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí mímí di ìṣòro, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti gba pé a ó máa gbàgbé, wọ́n sì ṣe asẹ́ tí kò nílò ìrántí ẹnikẹ́ni. Sentry, tí FDA fọwọ́ sí ní 2017, ní okùn kan tó so àwọn apá rẹ̀ pọ̀. Okùn náà á mú fún ó kéré tán 60 ọjọ́, lẹ́yìn náà ara á yọ́ ọ, apá asẹ́ á là, á sùn ti ògiri iṣan, ọ̀nà á sì ṣí. Kò sí ohun tí wọ́n máa fà yọ. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí, nítorí náà kí ẹni tó ní in máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tó bá fẹ́ ya àwòrán ikùn rẹ̀.